Fáírọ́ọ̀sì Òmìrán Tí Ń Gbé Inú Àmíbà, Àti Bóyá Ó Wà Nínú Ara Ènìyàn

Àsọyé fún àwọn ará ìjọ ní Ìgbògbò

Ọ̀rọ̀ tí a mú wá síwájú yín yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí a dédé gbà rò. Ní ìgbà ọyẹ́ tí ó kọjá, ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa wá bá wa ní ilé. Aya ọmọ rẹ̀ wà nínú oyún, àkókò àti bí sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó. Ilé ìwòsàn ti sọ fún ọkọ pé kí ó wá fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀, kí a má bàa wá ẹ̀jẹ̀ tì ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀. Ọmọkùnrin náà ti múra àti lọ, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ dí i lọ́nà. Ó ní, “Bàbá Àlùfáà, mo gbọ́ pé àwọn òyìnbó ti rí kòkòrò òmìrán kan nínú ẹ̀jẹ̀ ènìyàn. Wọ́n ní ara ènìyàn dúdú ni wọ́n ti rí i, ní Sẹ̀nẹ̀gà. Bí ó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọn yóò fà sí ìyàwó ọmọ mi lára ńkọ́?”

A kò fi ìyá yìí ṣẹ̀sín. Ohun tí ó gbọ́ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Ìlàjì òtítọ́ ni. Ìlàjì òtítọ́ a sì máa dẹ́rù bani ju odindi irọ́ lọ, nítorí pé ó ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn. Àwọn àgbà wa wí pé agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà ni. Nítorí náà, bí ẹjọ́ ni a ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ kòkòrò yìí. A ó kọ́kọ́ mọ ilé tí ó ń gbé, a ó mọ irú ẹni tí í ṣe, a ó pe àwọn ẹlẹ́rìí ìhà ìhín àti ti ìhà ọ̀hún, a ó sì dá ẹjọ́ náà níwọ̀n ibi tí ẹ̀rí bá gbé wa dé. A kò ní kọjá ibẹ̀.

ÌKÍNNÍ: ILÉ TÍ Ó Ń GBÉ

Ilé kòkòrò yìí ni ẹ̀dá kékeré kan tí à ń pè ní àmíbà. Ojú lásán kò lè rí i. Àfi kí a fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Kò ní ọwọ́, kò ní ẹsẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò ní ẹnu. Ara rẹ̀ rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná tí kò tíì dì. Bí ó bá fẹ́ rìn, a na apá kan ara rẹ̀ síwájú, ìyókù a sì ṣàn tẹ̀ lé e. Bí ebi bá ń pa á, a fi ara rẹ̀ yí oúnjẹ ká títí yóò fi bò ó mọ́lẹ̀, a sì gbé e mì. Oúnjẹ rẹ̀ ni bakitéríà, èyíinì ni àwọn kòkòrò kéékèèké tí ó kún inú omi àti erùpẹ̀.

Kò sí ilẹ̀ tí àmíbà kò sí. Ó wà nínú odò àti ọ̀sà, nínú kànga, nínú tanki omi, nínú gọ́tà, àti nínú erùpẹ̀ tí a fi ń gbin ẹ̀fọ́. Afẹ́fẹ́ a sì máa gbé e kiri pẹ̀lú eruku. Ní ọdún 1979, àwọn oníwádìí ní Zaria ròyìn pé wọ́n rí àmíbà inú ilẹ̀ nínú ihò imú àwọn ọmọdé ní àkókò ọyẹ́, nígbà tí eruku ń fẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí ọyẹ́ ti ń bo orí àga àti tábìlì wa ní Ìgbògbò kò ní ṣiyè méjì sí èyí. Ó ti pẹ́ tí ènìyàn àti àmíbà ti ń pàdé ara wọn, púpọ̀ nínú wọn kì í sì ṣe wá ní ibi kan. Àwọn díẹ̀ ń ṣe ibi. A ó bá wọn pàdé kí ọ̀rọ̀ yìí tó parí.

ÌKEJÌ: BÍ A ṢE MỌ̀ Ọ́N

Fáírọ́ọ̀sì ni orúkọ tí a ń pe ìdílé àwọn kòkòrò kan tí ó kéré púpọ̀púpọ̀. Kì í jẹun, kì í dàgbà, kò sì lè bímọ fún ara rẹ̀. Ohun tí ó ní kò ju ìwé ìlànà lọ, tí a ká sínú àpò. Bí kò bá rí ẹ̀dá alààyè wọ̀, òkú ọ̀rọ̀ ni. Bí ó bá rí i wọ̀, a sọ ẹ̀dá náà di ẹrú, ẹrú náà a sì máa ṣe àdàkọ ìwé náà títí yóò fi kú.

Báwo ni a ṣe mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ wà? Asẹ́ ni ó fi í hàn. Ní ọdún 1884, Charles Chamberland, ará ilẹ̀ Faransé, ṣe asẹ́ kan láti inú amọ̀ tanganran, tí ihò rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí bakitéríà kò lè gbà á kọjá. Ní ọdún 1892, Dmitri Ivanovsky, ará Rọ́ṣíà, fi irú asẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́ omi ewé tábà tí ń ṣàìsàn. Omi tí ó jò sílẹ̀ ṣì kó àrùn ran ewé mìíràn. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé ohun tí ó bá gba inú asẹ́ yìí kọjá ni fáírọ́ọ̀sì, ohun tí ó bá há sórí rẹ̀ ni bakitéríà.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ṣe ògì ti mọ ibi tí àṣìṣe lè gbà wọlé. Nígbà tí a bá sẹ́ ògì, ohun tí ó jò sílẹ̀ ni a ń fẹ́; èérí tí ó kù lórí asẹ́, ẹran ọ̀sìn ni a ń dà á fún. Bí owó bá bọ́ sínú ògì, inú èérí ni yóò wà, ẹni tí ó bá sì da èérí nù ti da owó nù. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó rí fún àwọn ọ̀mọ̀wé. Ó ju 100 ọdún lọ tí wọ́n fi ń wá fáírọ́ọ̀sì nínú omi tí ó jò sílẹ̀, òmìrán inú ìdílé náà sì wà lórí asẹ́ tí a ń dànù.

Ní ọdún 1992, àrùn òtútù àyà bẹ́ sílẹ̀ ní Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Timothy Rowbotham, oníwádìí kan, lọ wo omi inú ilé gíga kan tí a fi ń mú omi ẹ̀rọ tutù, nítorí a mọ̀ pé kòkòrò òtútù àyà kan máa ń sá pamọ́ sínú àmíbà ní irú ibẹ̀. Ó rí ohun róbótó kan nínú àmíbà náà, ó sì rò pé bakitéríà ni. Ó tilẹ̀ fi orúkọ ìlú náà sọ ọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ọgbọ́n tí a fi ń mọ bakitéríà kò ṣiṣẹ́ lára rẹ̀. Kò dà á nù. A gbé e dé Marseille ní ilẹ̀ Faransé, níbi tí Bernard La Scola, Didier Raoult àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti fi awò alágbára wò ó. Ohun tí wọ́n rí jẹ́ onígun, irun sì yí i ká. Fáírọ́ọ̀sì ni. Ní ọdún 2003 ni wọ́n kéde rẹ̀, ọdún 11 lẹ́yìn tí a bu omi náà, wọ́n sì sọ ọ́ ní Mimivirus, nítorí pé ó fara wé bakitéríà.

Ẹ má ṣe jẹ́ kí orúkọ òmìrán dẹ́rù bà yín. Bí a bá to 1,300 rẹ̀ ní ẹsẹẹsẹ, wọn kò ní gùn ju mílímítà kan lọ. Láàrin àwọn ẹbí rẹ̀ nìkan ni ó ti jẹ́ òmìrán, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po 25 fáírọ́ọ̀sì tí ń fa àrùn rọpárọsẹ̀. Ìwé ìlànà inú rẹ̀ ni ó yani lẹ́nu jù. Bí a bá pe ìlànà kọ̀ọ̀kan ní orí kan, ìwé fáírọ́ọ̀sì HIV ní orí 9 péré. Ti Mimivirus ju 900 lọ.

ÌKẸTA: IṢẸ́ ỌWỌ́ RẸ̀

Àmíbà kì í ka ohun tí ó kéré jù sí oúnjẹ. Ohun tí ó bá tóbi tó bakitéríà ni ó ń gbé mì. Nítorí pé òmìrán yìí tóbi tó bẹ́ẹ̀, àmíbà a ṣe bí ẹni tí ó rí oúnjẹ, a sì gbé e mì fún ara rẹ̀. Ohun tí ó gbé mì ni yóò gbé òun náà mì. Ní igun kan ara Mimivirus ni ilẹ̀kùn kan wà tí ó dà bí ìràwọ̀ onígun márùn-ún. Ilẹ̀kùn yìí yóò ṣí, ìwé ìlànà yóò sì tú jáde sínú àmíbà. Láti ìgbà náà, àmíbà kò ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀ mọ́. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan, yóò bẹ́, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òmìrán tuntun yóò sì tú jáde sínú omi.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ náà ti kàn wá. Nínú ẹ̀jẹ̀ àti ẹran ara wa ni àwọn ẹ̀ṣọ́ kan wà tí ń jẹun bí àmíbà ti ń jẹun. Iṣẹ́ wọn ni láti gbé kòkòrò àrùn mì kí wọ́n sì pa á. Bí òmìrán yìí bá lè tan àmíbà, ǹjẹ́ kò lè tan ẹ̀ṣọ́ ara wa? Ní ọdún 2008, àwọn oníwádìí fi hàn pé Mimivirus lè gba ọ̀nà yìí wọ inú irú ẹ̀ṣọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ìgò ìwádìí. Ṣùgbọ́n ìgò kì í ṣe ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí a pe àwọn ẹlẹ́rìí.

ÌKẸRIN: ÀWỌN ẸLẸ́RÌÍ

Àwọn ẹlẹ́rìí ìhà ìhín ni àwọn tí ó wí pé òmìrán náà wà nínú ènìyàn.

Èkínní wá láti Kánádà ní ọdún 2005. A yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn 376 tí òtútù àyà ń ṣe wò, a sì rí àmì pé ara àwọn 36 nínú wọn ti bá Mimivirus jà rí. Nínú 511 tí ara wọn le, 12 péré ni a rí àmì náà lára wọn.

Èkejì wá ní ọdún 2006. Òṣìṣẹ́ kan tí ń fi ọwọ́ kan Mimivirus nínú yàrá ìwádìí ní ilẹ̀ Faransé ní òtútù àyà, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì fi àmì ìjà kan náà hàn.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí ìyá wa gbọ́. Ní ọdún 2012, àwọn ará Marseille ròyìn pé nínú ìgbẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan ará Sẹ̀nẹ̀gà ni wọ́n ti rí fáírọ́ọ̀sì òmìrán kan, wọ́n sì sọ ọ́ ní Senegalvirus. Kì í ṣe àmì lásán ni wọ́n rí. Fáírọ́ọ̀sì náà fúnra rẹ̀ ni, wọ́n sì mú kí ó bí sí i nínú àmíbà. Ẹ fi ọkàn sí èyí: ara ọ̀dọ́mọkùnrin náà le. Kò sí àrùn tí ń ṣe é.

Ẹ̀kẹrin wá láti Tùnísíà ní ọdún 2013. Obìnrin ẹni ọdún 72 kan ní òtútù àyà, a sì rí ẹbí Mimivirus nínú omi tí a fà láti inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún ni ó gbé ọ̀rọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ọdún 2013 kan náà, àwọn ará Marseille tún wí pé àwọn rí apá kan ìwé ìlànà ẹbí Senegalvirus nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn tí ara wọn le, tí wọ́n wá fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní ilẹ̀ Faransé.

Bí a bá dìde ní àgọ́ ìdájọ́ nísinsìnyí, ìyá wa jàre. Ṣùgbọ́n àwọn ẹlẹ́rìí ìhà ọ̀hún ń dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Ní ọdún 2008, àwọn oníwádìí mìíràn wá Mimivirus nínú ohun tí a gbà láti ọ̀nà èémí àwọn ènìyàn tí òtútù àyà ń ṣe, 496 ni iye rẹ̀, wọn kò sì rí ẹyọ kan. Ní ọdún 2014, àwọn mìíràn ní ilẹ̀ Faransé kan náà wá ti ẹ̀jẹ̀ lára àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ àti àwọn tí a ti fa ẹ̀jẹ̀ sí lára lọ́pọ̀ ìgbà. Wọn kò rí i. Ní ọdún 2015, a ròyìn pé a wá a lára àwọn tí ń fi ẹ̀jẹ̀ tọrẹ ní Amẹ́ríkà, àti lára àwọn ará Kamẹrúùn tí wọ́n ti gba ẹ̀jẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn sára. Bí kòkòrò yìí bá ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, ara irú àwọn wọ̀nyí ni ìbá ti pọ̀ jù. Níbẹ̀ náà, a kò rí i.

ÌKARÙN-ÚN: ÌDÁJỌ́

Báwo ni olóòótọ́ méjì ṣe lè wo ohun kan náà kí ẹ̀rí wọn má bá ara wọn mu? Ẹni tí ó ń lọ ata láti òwúrọ̀ kò lè búra pé kò sí ata lọ́wọ́ òun. Yàrá tí a ti ń tọ́jú fáírọ́ọ̀sì lójoojúmọ́, ìdọ̀tí tí ó kéré jọjọ lè ti ara ohun èlò bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ tí a ń yẹ̀ wò, kí ó sì farahàn bí ẹni pé inú ẹ̀jẹ̀ ni ó ti wá. Àmì ìjà inú ẹ̀jẹ̀ náà lè ṣini lọ́nà, nítorí ohun ìjà tí ara rọ fún ọ̀tá kan a máa ba ẹlòmíràn tí ó jọ ọ́. Nítorí náà ni a kì í fi gba ohun tuntun gbọ́ nínú ìmọ̀ yìí títí àwọn mìíràn, ní ilé mìíràn, pẹ̀lú ohun èlò mìíràn, yóò fi rí i bákan náà.

Ohun mìíràn tún wà. Rírí nǹkan níbì kan kì í ṣe ẹ̀rí pé òun ni ó ba ibẹ̀ jẹ́. Bí ilé kan bá jó, tí a sì rí àlejò kan lójúde, a kò tíì mọ ẹni tí ó dáná sun ún. Lójoojúmọ́ ni a ń mu omi, tí a ń jẹ ẹ̀fọ́, tí a sì ń fa eruku símú, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wọn ní àmíbà nínú. Bí àmíbà bá gba inú wa kọjá, èrò inú ọkọ̀ rẹ̀ yóò bá a kọjá. Èrò ọkọ̀ kì í ṣe onílé.

Ìdájọ́ wa nìyí, ní ọ̀nà mẹ́ta. Pé a ti rí fáírọ́ọ̀sì òmìrán nínú ìgbẹ́ àti nínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ènìyàn díẹ̀, òtítọ́ ni. Pé ó ń gbé inú ẹ̀jẹ̀ àwọn ènìyàn, ẹ̀rí kò fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀. Pé ó ń fa àrùn sí ènìyàn, a kò tíì fi hàn.

A kò sì dá a sílẹ̀ lómìnira pátápátá. Àwọn ọ̀mọ̀wé ka àwọn òmìrán wọ̀nyí mọ́ ìdílé ńlá kan náà tí fáírọ́ọ̀sì olóde wà, èyí tí ó pa àwọn bàbá ńlá wa lọ́pọ̀lọpọ̀, tí a rí ẹni ìkẹyìn tí ó ṣe ní Nàìjíríà ní ọdún 1970. Inú ìdílé náà ni fáírọ́ọ̀sì tí ń pa ẹlẹ́dẹ̀ wà pẹ̀lú, èyí tí ó sọ àwọn olùsìn ẹlẹ́dẹ̀ di aláìní ní Òkè-Àró ní ọdún 2020, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ran ènìyàn. Ẹni tí ó bá ní irú ẹbí bẹ́ẹ̀, ó tọ́ kí a máa ṣọ́ ọ. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Ṣùgbọ́n ṣíṣọ́ kì í ṣe sísá.

Ní ti pé ara ènìyàn dúdú ni a ti rí i, ẹ jẹ́ kí a fọ ọ̀rọ̀ yìí mọ́. Ẹbí Senegalvirus tí a kọ́kọ́ mọ̀ ni Marseillevirus, tí a kéde ní ọdún 2009, inú omi ẹ̀rọ ìtutù kan ní Paris ni a sì ti bù ú. Ti Bradford náà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Kòkòrò kò mọ àwọ̀, omi ni ó mọ̀.

ÀWỌN OHUN TÍ Ó YẸ KÍ A BẸ̀RÙ

Nígbà tí a bá ń bẹ̀rù ohun tí a kò rí ẹ̀rí rẹ̀, a máa ń gbàgbé èyí tí ẹ̀rí rẹ̀ wà ní ilé wa. Àmíbà kan wà tí ń fa ìgbẹ́ ọ̀rìn. Inú omi àti oúnjẹ tí ìgbẹ́ ti kàn ni ó ń gbà wọlé. Nítorí náà, ẹ bo kànga yín, ẹ má ṣe gbẹ́ ṣáláńgá sí ìtòsí rẹ̀, ẹ se omi mímu kí ó hó, kí ẹ sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́. Àmíbà mìíràn wà, Naegleria fowleri ni orúkọ rẹ̀, tí ń gbé inú omi aláìníyọ̀ tí ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí a bá mu ún, kò ṣe nǹkan kan. Bí ó bá gba imú wọlé, a lọ sí ọpọlọ, díẹ̀ ni ó sì ń yè é. Ó ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n omi tí a bá fẹ́ fi ṣan inú imú, ìbáà ṣe fún ìwòsàn tàbí fún àlùwàlá àwọn ará wa Mùsùlùmí, kí ó jẹ́ èyí tí a ti sè tí ó sì ti tutù. Àwọn tí ń lo awò ojú tí a ń fi sínú ẹyinjú, kí wọ́n má ṣe fi omi ẹ̀rọ tàbí ti kànga fọ̀ ọ́, nítorí àmíbà kan wà tí ń ba ojú jẹ́.

Ní ti ẹ̀jẹ̀, àwọn ọ̀tá tí a mọ̀ ni HIV, fáírọ́ọ̀sì méjì tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ tí à ń pè ní B àti C, àti sífílíìsì. Wọ̀nyí ni ó yẹ kí a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fún kí a tó fà á sí ẹnikẹ́ni lára. Ẹ̀tọ́ yín ni láti bi ilé ìwòsàn bóyá wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ bèèrè rẹ̀ láìtijú. Ṣùgbọ́n obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya lára rẹ̀ ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀ kò lè dúró de òpin àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé. Ikú ti àìsí ẹ̀jẹ̀, a mọ̀ ọ́n. Ikú ti fáírọ́ọ̀sì òmìrán, kò sí ẹni tí ó tíì fi ọwọ́ rẹ̀ hàn wá.

Bí a ti sọ ọ́ fún ìyá wa nìyẹn, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé a kò sọ ọ́ tó báyìí. Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó ní, “Bàbá, mo gbọ́. Èmi yóò jẹ́ kí ó lọ. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ fún àwọn tí ó sọ fún mi?” Ọmọkùnrin náà lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà. Ìbéèrè ìyá rẹ̀ ni a fi àsọyé yìí dáhùn. Ẹ̀yin tí ẹ kà á, ẹ bá wa sọ fún wọn.